Ìrànwọ́ kòrónà fún àgbẹ̀: Ta ló gbà á ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó?

Bí ìjọba bá kéde pé àgbẹ̀ ti gba ìrànwọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ará Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó bi wọ́n ni pé: àgbẹ̀ wo?

NG-CARES ni orúkọ ètò náà. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí Nàìjíríà yá 750 mílíọ̀nù dọ́là fún un, lẹ́yìn tí òfin kónílé-ó-gbélé ti da ọjà àti oko rú. Fadama ló ń bójú tó apá tó kan àgbẹ̀: irúgbìn, ajílẹ̀, irinṣẹ́, títí dé àtúnṣe ọ̀nà oko àti ọjà.

Àgbẹ̀ tó bá gba ajílẹ̀ kì í san án padà, ìyẹn làwọn kan fi ń pè é ní ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn kọ́. Gbèsè ni lọ́rùn orílẹ̀-èdè, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àti ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni yóò jọ san án.

Kì í ṣe pé wọ́n kàn kó gbogbo owó náà fún ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan o. Ìpínlẹ̀ máa ń náwó, lẹ́yìn náà làwọn olùṣàyẹ̀wò láti ìta á wá ka iye èèyàn tí nǹkan dé ọwọ́ wọn. Iye yẹn ni wọ́n fi ń ṣírò owó tí ìpínlẹ̀ máa gbà padà. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ló lówó lórí nìyẹn. Àgbẹ̀ tó tẹ̀ka fún àpò ajílẹ̀ mẹ́ta, tó sì gbé ẹyọ kan lọ sílé, ti jẹ́rìí sí méjì tí kò rí. Ojú lè máa tì í láti yarí, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ ló ń pín in, àmọ́ kí wọ́n ka ìwé náà sí i létí ná kó tó tẹ̀ka.

Ẹgbẹ́ ni wọ́n sì ń wọ̀ kí wọ́n tó rí i gbà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti lè ta kókó: àgbẹ̀ inú abúlé lè má gbọ́ pé wọ́n ń kọ orúkọ, nígbà tí ẹni tí kò ní oko ti wọ ẹgbẹ́ ní ìgboro.

Ẹ ò ní gbàgbé oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà táwọn èrò já ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza l'Ékòó àti ní Ẹdẹ, tí wọ́n bá oúnjẹ kòrónà níbẹ̀. Àwọn gómìnà ní àwọn ò fi pamọ́. Ará ìlú tí kò rí ìwé pínpín kankan, báwo ni yóò ṣe gbà wọ́n gbọ́?

Òfin fàyè gba ìbéèrè. Ọdún 2011 ni òfin òmìnira láti gba ìròyìn jáde ní Àbújá, ọdún yẹn náà ni Èkìtì ṣe tirẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní òfin Àbújá de gbogbo ìpínlẹ̀. Òfin yìí fún ilé-iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ló máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Nọ́ńbà fóònù tàbí àkáǹtì ẹnikẹ́ni kọ́ ni kí ẹ béèrè. Ẹ béèrè orúkọ ẹgbẹ́ tó gbà á ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, iye àgbẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n gbà àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Bí ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà lára ògiri, àwọn ará abúlé fúnra wọn mọ ẹni tó ní oko. Kí ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì, ẹ gba ẹ̀dà lẹ́tà yín tó ní òǹtẹ̀ àti déètì, torí láti ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ 7 náà ti ń kà.