Bí A Ṣe Ń Fi Ṣájà Ọkọ̀ Oníná Sí Ilé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, iná igi àti iná àtùpà ni wọ́n mọ̀. Lónìí, iná mànàmáná wà nínú ògiri ilé wa. Ó wà lókè àjà. Ó wà lẹ́bàá ibùsùn wa. A kì í rí èéfín rẹ̀, ṣùgbọ́n iná ni.

Iná yìí ti dé ìdí ọkọ̀ báyìí. Ní ọdún 2023, wọ́n gbé bọ́ọ̀sì oníná wọ ìlú Èkó láti dán an wò. Àwọn ènìyàn kan ti ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníná. Àwọn mìíràn ń gun alùpùpù oníná. Nítorí náà, ó yẹ kí á mọ bí a ṣe ń tọ́jú irú ọkọ̀ yìí nínú ilé.

Kí ni ọkọ̀ oníná?

Ọkọ̀ tí kì í mu epo bẹntiróòlù ni. Bátìrì ńlá kan wà ní abẹ́ rẹ̀. Iná tí ó wà nínú bátìrì yìí ni ó ń yí táyà ọkọ̀. Bí iná náà bá lọ tán, a óò tún fi iná kún un. Ohun èlò tí a fi ń fi iná kún un ni à ń pè ní ṣájà.

Ohun tí ojú wa rí

Àbúrò mi kan ra irú ọkọ̀ yìí ní ọdún 2024. Ọkọ̀ náà dára. Kò pariwo, kò rú èéfín. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó gbé e délé, inú gbogbo wa dùn. Ó fa wáyà èsíténṣọ̀n gba ojú fèrèsé, ó sì kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá ìyá wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹni ń ṣáàjì fóònù náà ni." Èmi tí mo ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí, mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. N kò béèrè ohunkóhun.

Ní nǹkan bí agogo méjì òru, ìyá wa jí. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ òórùn bí ìgbà tí rọ́bà ń jóná. Kí á tó dé ibẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì ti yọ́ mọ́ ara ògiri. Kọ́tìnì fèrèsé ti ń rú èéfín. Àbúrò mi sáré lọ pa súìṣì ńlá tí ó wà lẹ́bàá mítà. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá wa sùn wọra ní òru ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ lónìí.

Nítorí èyí ni mo ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ pe oníṣẹ́ iná tí ó mọ iṣẹ́, tí ó ní ìwé ẹ̀rí, kí ọkọ̀ oníná tó mu iná ilé yín.

Ọkọ̀ kì í ṣe fóònù

Iná tí fóònù ń fà kò tó nǹkan. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ ń fa nǹkan bí kìlówáàtì 1. Bí a bá tan áyọ́ọ̀nù yìí fún wákàtí kan gbáko, ó jẹ yúníìtì kan lórí mítà.

Ẹ wá wo ọkọ̀. Ṣájà kékeré tí a máa ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ń fa kìlówáàtì 2 sí 3. Áyọ́ọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta nìyẹn. Ṣájà ńlá tí a ń kàn mọ́ ògiri ilé sábà máa ń fa kìlówáàtì 7. Áyọ́ọ̀nù méje nìyẹn, tí gbogbo wọn ń gbóná lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí bátìrì ọkọ̀ bá gba yúníìtì 40, ṣájà ńlá yóò lò tó wákàtí mẹ́fà kí ó tó kún un. Ṣájà kékeré lè lò ju wákàtí 15 lọ. Ẹ kò sì ní ra yúníìtì 40 péré, nítorí pé díẹ̀ máa ń ṣòfò lọ́nà.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Kẹ́túlù oníná mi náà ń fa iná púpọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì mi kò sì yọ́ rí." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kẹ́túlù ń lò tí omi fi hó. Ọkùnrin tí ó gbé àpò sìmẹ́ńtì láti ara ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà kò ní rojọ́. Ẹ ní kí ó gbé e láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, ẹ ó rí i pé ọrùn rẹ̀ yóò wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe rí. Bí iná púpọ̀ bá ń gba inú rẹ̀ ní gbogbo òru, yóò gbóná. Ibi tí a ti so ó tí kò fún dáadáa yóò gbóná jù. Ibẹ̀ ni ó ti ń yọ́, ibẹ̀ ni ilé ti ń jó.

Ta ni kí á pè?

Gbogbo aláǹgbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Gbogbo ẹni tí ó mú páláyà dání kọ́ ni ó mọ iṣẹ́ iná. Ẹni tí ó so fáànù yín dáadáa lè má mọ bí a ṣe ń fi ṣájà ọkọ̀ sí ilé.

Àjọ ìjọba àpapọ̀ kan wà tí à ń pè ní NEMSA. Òfin tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Àjọ yìí ń yẹ iṣẹ́ iná wò láti mọ̀ bóyá ó dára. Ó sì ń fún àwọn oníṣẹ́ iná tí wọ́n bá yege ní ìwé ẹ̀rí. Bí oníṣẹ́ iná bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ní kí ó fi ìwé rẹ̀ hàn yín. Ẹ ka orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ wò bóyá orúkọ rẹ̀ gan-an ni. Ẹ ka irú iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ó máa ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé, "Ṣé o ti fi ṣájà ọkọ̀ sí ilé ẹlòmíràn rí?" Ẹ lọ wo iṣẹ́ náà bí ó bá ṣeé ṣe.

Ẹ má ṣe tijú o. Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Abèèrè kì í ṣìnà.

Kí ni oníṣẹ́ iná náà yóò ṣe?

1. Yóò kọ́kọ́ yẹ ilé wò. Yóò wo mítà àti wáyà tí ó wọlé láti orí òpó. Yóò béèrè ohun tí ẹ ń lò: fíríìjì, ẹ̀rọ tí ń fa omi, ẹ̀rọ amúlétutù. Yóò ṣírò bóyá ilé lè gba ẹrù ọkọ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá lè gbà á, ẹ ó lọ sọ fún ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ní àdúgbò yín. Tàbí kí ó dín iná tí ṣájà yóò máa fà kù. Èyí ṣeé ṣe lára ọ̀pọ̀ ṣájà. Ẹni tí kò bá yẹ ilé wò kí ó tó dárúkọ owó, ẹ ṣọ́ra fún un.

2. Yóò fa wáyà tí ó jẹ́ ti ṣájà nìkan. Wáyà yìí yóò ti ibi àpótí bíréékà wá tààrà. Kò gbọdọ̀ yà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn. Nọ́ńbà wà lára wáyà iná. Èyí tí a sábà ń lò fún sọ́kẹ́ẹ̀tì ni 2.5. Èyí kéré jù fún ṣájà kìlówáàtì 7. Irú ṣájà bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ wáyà bàbà tí nọ́ńbà rẹ̀ kò dín ní 6. Bí ọ̀nà bá jìn, ó lè jẹ́ 10. Ẹ ka nọ́ńbà náà kí wọ́n tó bò ó mọ́ ògiri.

3. Yóò fi bíréékà sí i. Bíréékà ni ìjánu iná. Bí iná bá pọ̀ jù, yóò já a. Nọ́ńbà bíréékà kò gbọdọ̀ ju ohun tí wáyà lè gbé lọ. Bíréékà kejì wà tí ó ń ṣọ́ iná tí ń jò. Nọ́ńbà 30 ni a máa ń rí lára irú èyí tí ń dáàbò bo ènìyàn. Bí iná bá ń jò gba ara ènìyàn lọ sílẹ̀, yóò já iná náà kíákíá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ oníná ní irú jíjò kan tí ó lè dí bíréékà lásán lójú. Nítorí náà, ẹ bi oníṣẹ́ yín pé, "Ṣé ṣájà yìí ní ohun tí ń ṣọ́ jíjò 6 nínú? Bí kò bá ní in, ṣé bíréékà tí o fẹ́ lò jẹ́ ti lẹ́tà B?" Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yóò mọ ohun tí ẹ ń sọ.

4. Yóò yẹ wáyà ilẹ̀ wò. Àwọn oníṣẹ́ iná ń pè é ní ẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pá irin ni a máa ń rì mọ́lẹ̀, a ó sì fi wáyà so ó mọ́ iná ilé. Bí iná bá ṣì ọ̀nà lọ sí ara irin ọkọ̀, wáyà yìí ni yóò gbé e lọ sínú ilẹ̀. Bí kò bá sí i, ara ọmọ tí ó fọwọ́ kan ọkọ̀ ni iná yóò gbà lọ. Wíwò lójú kò tó. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n.

5. Yóò yan ibi tí ó dára. Kí àgbàrá má lè dé ibẹ̀. Kí wáyà má ṣe dábùú ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà. Kí ṣájà náà jẹ́ irú èyí tí òjò kò lè ṣe ní nǹkan. Iná wa a máa lọ sókè, a máa wá sílẹ̀. Nítorí náà, kí ó fi ohun tí ń ṣọ́ agbára iná sí i.

6. Yóò dán an wò, yóò sì kọ ìwé. Kí ó ṣe ìdánwò lójú yín. Kí ó fún yín ní ìwé tí ó sọ ohun tí ó ṣe àti ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ kà. Kí ó fi orúkọ sí i, kí ó kọ ọjọ́ sí i. Kí ó fún yín ní rìsíìtì pẹ̀lú. Ẹ kó wọn pamọ́.

Àwọn ìkìlọ̀ díẹ̀

Bí ẹ bá ń gbé ilé àyágbé, ẹ kọ́kọ́ sọ fún onílé. Ẹ má ṣe lo èsíténṣọ̀n fún ọkọ̀. Ẹ má ṣe so ṣájà ńlá mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré. Kò lè gbé e. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn jíjó, tàbí tí ara ògiri gbóná, ẹ pa súìṣì ńlá, kí ẹ sì pe oníṣẹ́ yín. Bí iná bá mú ènìyàn, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ pa súìṣì ńlá ná. Ẹ má ṣe da omi sí iná mànàmáná.

Bí ọ̀rọ̀ tiwa ṣe parí

A pe oníṣẹ́ iná tí ó ní ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí ó wọn wáyà ilẹ̀ ilé wa, ó mi orí. Ó ní, "Bàbá, wáyà yìí ti já tipẹ́." Ó yà wá lẹ́nu. Láti ọdún pípẹ́ ni à ń sùn nínú ilé náà, tí à ń ti ibẹ̀ jí. Ọkọ̀ kọ́ ni ó mú ewu wọ ilé wa. Ewu ti wà níbẹ̀, ọkọ̀ ni ó fi í hàn wá.

Ó rì ọ̀pá tuntun mọ́lẹ̀, ó sì pààrọ̀ ohun tí ó bàjẹ́. Nígbà tí ó fẹ́ bo wáyà ṣájà mọ́ ògiri, ìyá wa ní kí ó dúró ná. Kíláàsì àgbà ni wọ́n ti kọ́ ìwé kíkà. Wọ́n fi awò ojú wọn sí i, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n ka nọ́ńbà ara wáyà náà sókè. Mẹ́fà ni. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ máa bò ó."

Àwọn ìbéèrè

1. Áyọ́ọ̀nù mélòó ni ṣájà kìlówáàtì 7 bá dọ́gba?
2. Kí ló dé tí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó lè gbé kẹ́túlù fi lè yọ́ bí a bá fi ṣáàjì ọkọ̀?
3. Àjọ wo ni ó ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí?
4. Iṣẹ́ wo ni wáyà ilẹ̀ ń ṣe?
5. Ẹ lọ wo àpótí bíréékà ilé yín. Ẹ má ṣe ṣí i. Ẹ ka nọ́ńbà tí ẹ bá rí lára bíréékà, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín.