Ṣé O Mọ̀? Nọ́ọ̀tù Tó Kọ̀ Tí Kò Tú

Ṣé o mọ̀ pé ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ? Tí omi àti afẹ́fẹ́ bá jọ kan irin, ohun pupa tó ń yọ lára rẹ̀ máa ń wú tó ìlọ́po méjì irin náà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín eyín bóòtù àti eyín nọ́ọ̀tù, kò sí àyè tó lè wú sí. Ohun tó ń há wọn mọ́ra nìyẹn.

Ní Addo, lágbègbè Ajah l'Ékòó, iyọ̀ tún ń dá sí i. Òkun wà ní gúúsù Ajah, ọ̀sà wà lápá Badore, atẹ́gùn wọn ò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kankan. Iyọ̀ ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, irin á sì tètè dógùn-ún.

Ṣé o mọ̀ pé lẹ́búlẹ́bú pákó náà jẹ̀bi? Tó bá kó jọ sídìí bóòtù, ńṣe ló dà bí aṣọ tútù tí wọ́n fi wé irin tọ̀sán-tòru. Fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò nírọ̀lẹ́; kò sí oògùn tó dínwó tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé nọ́ọ̀tù tó di ayùn roboto mú lè má há rárá? Mo ti rí ọmọṣẹ́ tó ki páìpù bọ ìdí spánà, tó ń fi gbogbo ara fà á sósì bí a ṣe máa ń tú nọ́ọ̀tù, tí tọ̀hún sì ń fún sí i. Ọ̀tún ló yẹ kó yí i sí. Ọ̀nà tí ayùn ń yí sí nígbà tó bá ń la pákó ni nọ́ọ̀tù rẹ̀ máa ń tú sí. Wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má baà tú fúnra rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, yọ wáyà ẹ̀rọ kúrò níbi iná kó o tó fọwọ́ kàn án. Pípa síwíìṣì nìkan ò tó. Ègé pákó ni kó o fi há eyín ayùn, kì í ṣe ọwọ́ ẹ. Ìka ò ní ìpààrọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà ara spánà kì í ṣe ìwọ̀n bóòtù? Orí rẹ̀ ló ń wọ̀n: spánà 13 ló sábà ń tú bóòtù mílímítà 8, spánà 17 tàbí 16 ló ń tú ti 10.

Ẹ̀rọ tokunbo àtijọ́ láti ìlú Ọba tún lọ́nà tiẹ̀. Joseph Whitworth ló gbé ìlànà eyín bóòtù wọn kalẹ̀ ní 1841. Bóòtù ìdajì íǹṣì tiwọn ní eyín 12 nínú íǹṣì kan, ti Amẹ́ríkà tó wọ́pọ̀ ní 13. Nọ́ọ̀tù ọ̀kan á wọ ara èkejì díẹ̀, á wá há. A ò gbọ́dọ̀ di ẹ̀bi ìyẹn ru ìpẹtà.

Ṣé o mọ̀ pé San Diego ni wọ́n ti ṣe epo WD-40 ní 1953, láti lé omi kúrò lára irin? Kẹrosíìnì tàbí dísù náà ń ṣiṣẹ́ lára nọ́ọ̀tù tó há, tó o bá fún un láyè di ọjọ́ kejì. Ẹnu ibi tí eyín ti wọlé ni kó o kán an sí, kó o máa fi hámà kan orí rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí epo lè rí ọ̀nà wọlé.

Iná ńkọ́? Tí nọ́ọ̀tù oníhò mílímítà 10 bá fi dígírì 200 gbóná sí i, ihò rẹ̀ á fẹ̀ ní nǹkan bíi mílímítà 0.02. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó tó láti fọ́ ìpẹtà. Nọ́ọ̀tù ni kó o yáná fún, kì í ṣe bóòtù. Má ṣe é níbi tí lẹ́búlẹ́bú wà, tàbí lórí epo tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ kán. Iná ti jó ìsọ̀ pákó Oko Baba l'Ékòó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bóòtù tó kán sínú pàápàá ṣì ní ọ̀nà. Wẹ́dà á gbé nọ́ọ̀tù lé kùkùté rẹ̀, á jó o mọ́ ọn láti inú ihò. Ooru yẹn gan-an ló ń tú ìdè náà. Tó bá ti tutù díẹ̀, kọ́kọ́ fún un díẹ̀, kó o tó wá tú u.