Ìjọba Tó Gba Orúkọ Lọ́wọ́ Ènìyàn

Ilẹ̀ kan wà ní Yúróòpù tí à ń pè ní Bùlgáríà. Tọ́kì ló múlé tì í. Àwọn Tọ́kì jọba lé e lórí fún nǹkan bí 500 ọdún, títí di 1878. Nígbà tí ìjọba wọn kúrò, kì í ṣe gbogbo Mùsùlùmí ló bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ló dúró sórí oko bàbá wọn, tí wọ́n ń gbin tábà.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Kọ́múnísì gba ìjọba. Àwọn yìí ò fẹ́ràn ẹ̀sìn kankan. Síbẹ̀, títí di 1984, Mùsùlùmí tó ń sọ èdè Tọ́kì ṣì ń jẹ́ Mehmet tàbí Fatma.

Ní òpin ọdún yẹn, sójà àti ọlọ́pàá yí àwọn abúlé ká nínú òtútù. Wọ́n ní kí oníkálukú mú orúkọ Bùlgáríà kan, kó sì fọwọ́ síwèé. Ẹni tí kò bá gba ìwé tuntun, kò ní í rí owó iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Wọ́n kó àwọn alágídí lọ sí àgọ́ ẹ̀wọ̀n ní erékùṣù Belene. Láàárín oṣù díẹ̀, orúkọ àwọn ènìyàn bí 800,000 ti yí padà. Òkú pàápàá ò bọ́: wọ́n yí orúkọ bàbá tó ti kú padà nínú ìwé, wọ́n sì pa orúkọ rẹ́ lára sàréè. Sísọ èdè Tọ́kì ní gbangba di ohun tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lé lórí. Kíkọ ọmọkùnrin nílà di èèwọ̀.

Kí ló fà á? Ìjọba ní kò sí Tọ́kì nílẹ̀ àwọn rárá, pé ọmọ Bùlgáríà tí wọ́n fi tipá sọ di Mùsùlùmí láyé àtijọ́ ni gbogbo wọn. Wọ́n ní tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n ń gba orúkọ tuntun. Ìfẹ́ wo ló ń gbé ìbọn dání? Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ti ń kọ orúkọ ara ẹni, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ọkùnrin kúkúrú kan wà tó ń jẹ́ Naim, tó lè gbé irin tó wúwo tó ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta. Wọ́n sọ ọ́ di Naum Shalamanov. Ní 1986, nígbà tí wọ́n lọ díje ní Melbourne, ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́, ó gba Tọ́kì lọ. Ní 1988, ó gba wúrà ní Seoul, Naim Süleymanoğlu ni wọ́n sì pè é.

Ní oṣù karùn-ún 1989, àwọn ènìyàn fárígá. Ìbọn dún, àwọn kan kú. Ni ìjọba bá ṣí ẹnubodè. Àwọn tó lé ní 300,000 di ẹrù wọn sórí ọkọ̀, wọ́n kọjá sí Tọ́kì. Kò sẹ́ni tí yóò kórè tábà mọ́. Ará ìlú ńlá ni wọ́n kó lọ sóko.

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Todor Zhivkov tó jẹ́ olórí kúrò lórí oyè. Ní 1990, òfin jẹ́ kí wọ́n gba orúkọ wọn padà. Àwọn tó lé ní 100,000 padà wálé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ta ilé ní owó pọ́ọ́kú kí wọ́n tó lọ.