Nígbà tí Zoom dá iṣẹ́ tuntun dúró fún ọjọ́ 90

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2020, Eric Yuan, ọ̀gá àgbà Zoom, iléeṣẹ́ tó ni app ìpàdé orí fídíò, kéde pé fún ọjọ́ 90 gbáko, àwọn ẹnjiníà iléeṣẹ́ òun ò ní fi ohun tuntun kankan kún app náà. Ààbò àti àṣírí oníbàárà ni gbogbo wọn yóò gbájú mọ́. Àsìkò yẹn gan-an sì ni ọjà ń yá fún wọn jù lọ: bíi mílíọ̀nù 10 èèyàn ló ń wọ ìpàdé wọn lójúmọ́ ní oṣù Kejìlá 2019, nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta, iye náà ti lé ní mílíọ̀nù 200.

Àwọn iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà tiwọn ni wọ́n ṣe Zoom fún. Kòrónà ló kó iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ìsọmọlórúkọ wọ inú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn àjèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í já wọ ìpàdé onípàdé, wọ́n ń bú èébú, wọ́n ń gbé àwòrán ìhòòhò síta. FBI kìlọ̀, ìlú New York ní kí àwọn olùkọ́ rẹ̀ má lò ó mọ́.

Láti mọ bí ìpinnu Yuan ṣe tóbi tó, ẹ jẹ́ ká wo bí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń yan iṣẹ́ tó máa ṣáájú. Ní ọdún 2001, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ 17 pàdé ní Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah, wọ́n sì kọ ìlànà tí wọ́n pè ní Agile. Látìgbà náà, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í fi ọdún kan tàbí méjì kọ́ nǹkan mọ́ kí oníbàárà tó fojú kàn án. Díẹ̀díẹ̀ ni: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á tún iṣẹ́ tó kù tò. Iṣẹ́ tó ń dúró yìí, tí wọ́n ń pè ní backlog, kì í tán láé. Ẹni tó ń tajà ti ṣèlérí fún oníbàárà kan. Ọ̀gá ti rí ohun tí orogún wọn ṣe. Ẹnjiníà mọ ibi tí iṣẹ́ àtijọ́ ti ń jẹrà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn tó le jù ló ń borí.

Donald Reinertsen, tó ti kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, fi ìṣirò rọ́pò ariwo: tí iṣẹ́ yìí bá dúró ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, èló la máa pàdánù? Ká ní iṣẹ́ kan ń mú wa pàdánù mílíọ̀nù 6 náírà lọ́sẹ̀ títí yóò fi parí, ó sì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èkejì ń mú wa pàdánù mílíọ̀nù 4, ọ̀sẹ̀ kan péré ló gbà. Ti mílíọ̀nù 6 ni ojú máa kọ́kọ́ lọ sí. Ṣùgbọ́n tó bá ṣáájú, àdánù méjèèjì yóò jẹ́ mílíọ̀nù 34; tí kékeré bá ṣáájú, mílíọ̀nù 28 ni.

Ibi tí ìṣirò yìí ti ń jáni kulẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ààbò. Àdánù tirẹ̀ kì í hàn lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀; ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa ń dé. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó ń to iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ya àyè sọ́tọ̀ fún un kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ béèrè. Ẹ wo Zoom: páásíwọ́ọ̀dù ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yàrá ìdúró, níbi tí olùpè ìpàdé ti ń yẹ àlejò wò kó tó gbà á wọlé. Oníbàárà ló ní láti wá wọn rí, kó tàn wọ́n fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin, wọ́n tàn wọ́n fún àwọn tó ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ kékeré, èrè ńlá.

Èyí tó le gba àkókò: kí wọ́n ti ìpàdé pa débi pé Zoom fúnra rẹ̀ ò ní lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Wọ́n ra iléeṣẹ́ Keybase ní oṣù Karùn-ún nítorí rẹ̀. Oṣù Kẹwàá ni àwọn oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan Zoom pé, ó kéré tán, láti ọdún 2016 ló ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun ní irú ààbò yìí.