Ọmọ Tó Fẹ́ Di Dókítà Lókè Òkun: Máàkì Nìkan Kò Tó

 

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta èlùbọ́ ló mú un wá. Ọmọ ọmọ wọn obìnrin wà ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́ di dókítà. Ó sọ fún wọn lórí fóònù pé gbogbo Sátidé lòun ń lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó, òun ń fún wọn lóúnjẹ, òun ń bá wọn tún bẹ́ẹ̀dì ṣe, wọn ò sì san kọ́bọ̀ fóun. Inú bí ìyá wa. Wọ́n ní, "Ṣé iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ la ní kó lọ ṣe ni? Kí ló dé tí kò jókòó ti ìwé ẹ̀?" Wọ́n ní kó jáwọ́ kíá.

Àwa náà tá a gbọ́, a gbè wọ́n lẹ́yìn. Ìgbà tá a wá bi àwọn ọmọ wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún la tó mọ̀ pé àwa la ṣì í. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yẹn wà lára ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó gba ọmọ wọlé. Ìdí nìyí tá a fi kọ èyí, kí ẹlòmíràn má baà fi ìfẹ́ dí ọmọ ẹ̀ lọ́nà.

BÓ ṢE RÍ NÍLÉ

Nílé níbí, máàkì ló ń gbé ọmọ wọlé. Á ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì. Á ṣe JAMB tí àpapọ̀ máàkì ẹ̀ jẹ́ 400, yunifásítì náà á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ó ti gbé omi fún aláìsàn rí. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ fọ́mọ pé kó kojú mọ́ ìwé. Kò burú. Ṣùgbọ́n kóńgò ọjà kan kọ́ ni kóńgò ọjà kejì.

BÓ ṢE RÍ NÍ AMẸ́RÍKÀ

Lọ́hùn-ún, ọmọ kì í sábà ti ilé ẹ̀kọ́ girama bọ́ sí ti dókítà. Á kọ́kọ́ lo nǹkan bí ọdún 4 ní yunifásítì, á gboyè, á ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní MCAT, tí máàkì tó ga jù níbẹ̀ jẹ́ 528. Ìgbà yẹn ló tó lè wá àyè fún ọdún 4 mìíràn tó jẹ́ ti ìṣègùn gan-an.

Fọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà ń lò ń jẹ́ AMCAS. Àyè 15 ló wà níbẹ̀ tí ọmọ lè kọ iṣẹ́ àti ìrírí ẹ̀ sí. Ó lè mú 3 nínú wọn pé èyí ló ṣe pàtàkì jù sóun. Wọ́n á bi í: Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀? Wákàtí mélòó lo fi ṣe é? Ta ló mọ̀ sí i? Kò pọn dandan kí gbogbo àyè náà kún o.

Kí ni wọ́n ń wá? Àwọn tó ní máàkì tó dáa pọ̀ jáǹtirẹrẹ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ yìí ti rí ẹni tó ń jẹ̀rora rí, tí kò sì sá. Ẹni tó ní òun fẹ́ ta ẹja, tí kò lè gba òórùn ẹja sára, ṣé ẹ máa yá a lówó òwò?

ÀWỌN ÌRÍRÍ TÓ WÚLÒ

Èkíní, kó sún mọ́ aláìsàn. Ó lè ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ọsibítù tàbí ilé arúgbó. Ó sì lè gba owó níbẹ̀, bíi kó kọ́ṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, tàbí kó máa bá dókítà kọ ohun tí aláìsàn sọ sílẹ̀. Akọ̀wé bíi tiwa nìyẹn.

Èkejì, kó tẹ̀lé dókítà lẹ́yìn, kó máa wò. Ojú ló fi ń wò, kì í fọwọ́ kan nǹkan. Aláìsàn gbọ́dọ̀ gbà kó wà níbẹ̀, ohun tó bá sì gbọ́, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kó ran ará ìlú lọ́wọ́: kíkọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ níwèé, pínpín oúnjẹ fáwọn tí kò ní.

Ẹ̀kẹrin, ìwádìí pẹ̀lú ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ka èyí sí gan-an, àwọn míì ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí.

Ìkarùn-ún, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ọmọ tó ń ta gààrí àti epo ní ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹ̀ ní Houston, kó kọ ọ́ síbẹ̀, kó má tijú. Fọ́ọ̀mù náà ní àyè fún iṣẹ́ owó tí kì í ṣe ti ìṣègùn. Ẹni tó bá ti bá oníbàárà tó ń bínú sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ó ti kọ́ nǹkan tí dókítà nílò.

Kó má sì máa fò kiri. Ẹni tó lo ọdún méjì níbì kan sàn ju ẹni tó lo ọ̀sẹ̀ méjì-méjì níbi mẹ́wàá. Tó bá ń kọ ọ́, kó má kọ "mo ran arúgbó lọ́wọ́" lásán. Ọmọ ọmọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ sọ pé ìyá kan kì í jẹun, wọ́n rò pé agídí ni. Òun jókòó tì í, òun rí i pé eyín ló ń dun ìyá náà, òun sì sọ fún nọ́ọ̀sì. Irú ẹ̀ ló yẹ kó kọ.

TI ÌLÚ Ọ̀YÌNBÓ

Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ lè ti girama bọ́ sí ìṣègùn. UCAS ló ń gba fọ́ọ̀mù, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn 4 ló lè mú, ọjọ́ 15 oṣù October ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ń tì í. Ìrírí wà níbẹ̀ náà, àmọ́ kò di dandan kó jẹ́ ti ọsibítù. Ilé arúgbó ń ṣe é, títọ́jú ẹbí tó ń ṣàìsàn náà ń ṣe é.

Ẹ ṢỌ́RA O

Ẹ má ra ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tí ọmọ ò ṣe. Wọ́n lè pe ẹni tó kọ pé ó mọ̀ sí i, wọ́n á sì bi òun náà léèrè lójúkojú.

Tọ́mọ bá wálé fún họlidé, ẹ má tìtorí pé ẹ mọ mátírọ́ọ̀nù kan, kẹ́ ẹ ní kó lọ máa gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Kó wò ó ni. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà kórìíra kẹ́ni tí kò tíì kọ́ṣẹ́ máa dán an wò lára aláìsàn, ó lè ba ti ẹ̀ jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà kì í gba ọmọ tí kò ní ìwé ìgbélùú. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀.

Ìrírí ò sì rọ́pò máàkì. Ẹsẹ̀ méjèèjì la fi ń rìn.

OHUN TÍ ÀWA LÈ ṢE

Ẹ sọ fọ́mọ kó ní ìwé kékeré kan. Bá a ṣe ń kọ ìwé àwìn, kó máa kọ ọjọ́, wákàtí, ohun tó rí àti ẹni tó mọ̀ sí i. Kó má kọ orúkọ aláìsàn. Tẹ́ ẹ bá pè é, ẹ má bi í ní "máàkì ńkọ́" nìkan. Ẹ bi í pé, "Ta lo ràn lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí?"

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ti pe ọmọ wọn padà. Wọ́n ní, "Máa lọ, ọmọ mi, kó o bá mi kí ìyá eléyín yẹn." Wọn ò tíì gbà á wọlé, ó ṣì ń kàwé. Àmọ́ Sátidé ẹ̀ ti padà sọ́wọ́ ẹ̀.

Ọjà á tà o. Ọmọ wa ò ní bà wá jẹ́.

Àwa ni, akọ̀wé yín.