Híhun Aṣọ Lórí Páálí: Kí Ló Dé Tí Ìbàdí Aṣọ Mi Fún?

Lónìí, mo fẹ́ sọ bí èèyàn ṣe lè bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ nínú yàrá kan ṣoṣo, láì tíì dé Ìsẹ́yìn.

Màmá àgbà mi hun kíjìpá nígbà èwe wọn. Òfì àwọn obìnrin ni wọ́n lò, èyí tó máa ń dúró gbọnrangandan, kì í ṣe ti àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń na òwú rẹ̀ lọ gbọọrọ nílẹ̀ láti fi hun aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí ìkankan nínú àwọn ọmọ wọn tó kọ́ ọ. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé fóònù lọ bá wọn, mo ní kí wọ́n máa ṣàlàyé kí n máa gbà á sílẹ̀. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Lọ hun nǹkan wá, kí n fọwọ́ kàn án."

Mo wá páálí tó nípọn, 20 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀, 25 ní gígùn. Ẹ fi rúlà sàmì sí etí òkè àti ti ìsàlẹ̀, ààbọ̀ sẹ̀ǹtímítà síra wọn, kí ẹ fi sísọ́ọ̀sì la ojú àmì kọ̀ọ̀kan díẹ̀. Tí iṣẹ́ yín bá máa fẹ̀ tó 15 sẹ̀ǹtímítà, ojú 31 ni lókè, 31 nísàlẹ̀. Ẹ fa òwú láti ojú kìíní lókè dé ojú kìíní nísàlẹ̀, ẹ yí i gba ẹ̀yìn bọ́ sí ojú kejì, ẹ fà á padà sókè, títí ẹ ó fi dé etí kejì.

Ẹ má fi wúùlù ṣe òwú tó dúró yìí. Ó máa ń fà, iṣẹ́ á sì dẹ̀. Òwú tí wọ́n fi rán ẹnu àpò ìrẹsì ni mo tú lò, mo sọ ọ́ di méjì kó lè lágbára. (Màmá mi ṣì ń wá ẹni tó tú àpò náà.) Tí ẹ bá ta òwú náà, kó dún díẹ̀, àmọ́ kí páálí má tẹ̀.

Ibi ìdábùú ni wúùlù tí wọ́n fi ń dirun ti wúlò. Ẹ fi í sínú abẹ́rẹ́ olójú ńlá, ẹ gba orí òwú kan, ẹ gba abẹ́ èkejì. Tí ẹ bá ń padà, èyí tí ẹ gba orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, abẹ́ rẹ̀ lẹ máa gbà. Ẹ fi fọ́ọ̀kì tì í mọ́ra.

Ó rọrùn, àbí? Nígbà tí mo hun ún dé àárín, fífẹ̀ 15 ti di 11. Aṣọ mi ní ìbàdí! Mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Màmá àgbà fi ìka tọ etí rẹ̀ méjèèjì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ta lò ń bá jà?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Òwú ìdábùú kì í lọ tààrà. Ó ń gun orí, ó ń gba abẹ́, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ gùn ju fífẹ̀ aṣọ lọ. Èmi fà á le bí okùn ìsáṣọ. Nígbà tí fọ́ọ̀kì tì í, kò rí àyè kankan, ló bá ń fa etí aṣọ wọlé. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni pé kí n jẹ́ kí òwú náà tẹ̀ bí òṣùmàrè kí n tó tì í, kí n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í láti àárín. Èmi wá fi rúlà kún un: ìlà márùn-ún márùn-ún, mo wọ̀n ọ́n.

Mo tú gbogbo rẹ̀. Èkejì kò fún ju 14 lọ. Tí ẹ bá parí, ẹ gé òwú tó dúró kúrò ní páálí ní méjì-méjì, kí ẹ so wọ́n kó má baà tú.

Ẹ̀kẹta ló wà lábẹ́ ife tíì màmá àgbà báyìí. Etí ọ̀tún rẹ̀ ṣì wọ́ díẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n bi mí bóyá mo mọ káfíńtà tó lè kan férémù.