Omi Tó Mọ́ Gaara, Tó Sì Pa Ènìyàn

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá wọ inú omi, omi náà lè di ọ̀tá ẹni tó ń mu ún. Ẹ jẹ́ kí á wo bí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, olú-ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ayé Ọbabìnrin Victoria, tó jọba láti 1837 títí di 1901.

Nígbà náà, àwọn ènìyàn ń rọ́ wọ Lọ́ńdọ̀nù láti wá iṣẹ́. Ilé kò kárí. Bàbá, ìyá àti gbogbo ọmọ lè máa gbé inú yàrá kan ṣoṣo. Ìgbẹ́ wọn ń lọ sínú kòtò abẹ́ ilé tàbí ti ẹ̀yìnkùlé. Kòtò a máa kún, a sì máa jò. Ọ̀pọ̀ tálákà kò ní omi nínú ilé. Ìta ni wọ́n ti ń pọn ọ́n, nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi kànga.

Ní 1831, àrùn onígbáméjì kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá mú yóò máa bì, yóò máa ya ìgbẹ́ olómi, títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹlòmíràn á jí ire láàárọ̀, á kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní òórùn burúkú ló ń fà á. Dókítà John Snow, ọmọ lébìrà, ní rárá o, inú omi ni àrùn náà wà.

Ní òpin oṣù August 1854, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho. Láàrin nǹkan bí ọjọ́ 10, ó ti pa ju 500 ènìyàn lọ. Snow ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń béèrè pé: “Níbo ni ẹni tó kú yìí ti ń pọn omi?” Kànga Broad Street ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ti ń pọn ọ́n.

Omi yìí mọ́ lójú, ó sì dùn lẹ́nu. Opó kan tó ń gbé ní Hampstead, níbi tí atẹ́gùn ti dára, ṣì ń ránni lọ gbé e wá. Ó mu ún, ó kú. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí ní Broad Street gan-an, ọtí bíà ni wọ́n ń mu. Onígbáméjì kò pa ìkankan nínú wọn. Bó bá jẹ́ pé òórùn ló ń pani, ṣé wọn ì bá yè?

Ní ọjọ́ 8 oṣù September, ìgbìmọ̀ àdúgbò yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Lóòótọ́, ikú ti ń dínkù, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sá lọ. Àlùfáà Henry Whitehead kò kọ́kọ́ gba Snow gbọ́, àmọ́ òun náà wádìí. Ó rí i pé ọmọ ọwọ́ kan, ní ilé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 40, ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru kí àrùn tó tàn. Ìyá rẹ̀ fọ aṣọ ìdí rẹ̀, ó da omi náà sínú kòtò iwájú ilé. Nígbà tí wọ́n hú ilẹ̀, bíríkì kòtò ti jẹrà, ó ń jò lọ sínú kànga. Àárín méjèèjì kò tó ẹsẹ̀ bàtà 3.

Ìyá yìí kò jẹ̀bi. Ó fọ aṣọ ọmọ rẹ̀ bó ti yẹ. Níbo ni kó da omi sí? Ìmọ́tótó ẹnì kan kò tó. Iṣẹ́ ìlú ló kù.

Snow kú ní June 1858. Nígbà ooru ọdún náà, odò Thames rùn débi pé àwọn aṣòfin, tí ilé ìgbìmọ̀ wọn wà létí odò, kò lè fara dà á mọ́. Wọ́n fọwọ́ sí owó kí ẹnjiníà Joseph Bazalgette la gọ́tà ńlá sí abẹ́ ilẹ̀ ìlú. Ní 1866, onígbáméjì tún dé. Ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí iṣẹ́ kò tíì parí, ló ti pa ènìyàn jù. Láti ìgbà náà, kò jà níbẹ̀ mọ́.

Ojú lásán kò lè rí kòkòrò àrùn. Nítorí náà, ẹ má wo omi lójú kí ẹ ní ó mọ́. Ẹ jẹ́ kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga. Ẹ se omi mímu títí yóò fi hó. Bí àdúgbò yín kò bá ní gọ́tà, ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìlú. Ẹ ti mọ̀wé báyìí. Ẹ lè kọ lẹ́tà náà fúnra yín.